Òwe Adìẹ Pọ̀ Lẹ́nu Wa, Adìẹ Ń Kú Lẹ́yìnkùlé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó fàbọ̀ bá adìẹ wí. Kò sí ibi tí àwọn agbọ̀rọ̀sọ wa kì í ti pa òwe yìí: níbi ìgbéyàwó, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, nínú ìwé ìròyìn àti lórí afẹ́fẹ́. Bí ẹni tí ó fẹ́ pa á bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwùjọ ni yóò bá a parí rẹ̀. Wọn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò ní ọmọ Yorùbá àtàtà ni. Èmi náà ti pàtẹ́wọ́ rí. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan tí ó lè má dùn mọ́ yín nínú: nígbà wo ni ẹ lé akátá gbẹ̀yìn?

Ẹ̀sùn ni mo gbé wá, èmi pẹ̀lú sì wà lára àwọn tí mo fi kàn. Ẹ̀sùn náà ni pé a ti sọ adìẹ di ohun ẹnu lásán. A ń fi í pa òwe, a ń fi í pa àlọ́, a ń ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé àwọn ọmọdé; ṣùgbọ́n adìẹ gan-an, èyí tí ó ní ìyẹ́ tí ó sì ní ẹ̀jẹ̀, tí ó jẹ́ báńkì fún ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ń kú lójú wa lọ́dọọdún. Ikú tí a lè dá dúró ni, a kò sì kà á sí. Èyí tí ó wá burú jù ni pé nígbà tí adìẹ bá kú tán, a kì í wá akátá lọ. Aládùúgbò wa ni a máa ń bá wí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Òmù-Àrán ni ilé wa. Màmá mi kò ní oko kòkó, kò sì ní ṣọ́ọ̀bù. Adìẹ ni ó ní, adìẹ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ káàkiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò ti ṣí àgò. Yóò da èèrí àgbàdo sílẹ̀, yóò bu omi sínú àwo tí ó ti là, yóò sì máa kà wọ́n bí wọ́n ti ń jáde, nítorí ẹni tí ó bá ń sin adìẹ mọ̀ pé iye tí ó wọlé lálẹ́ lè má jẹ́ iye tí yóò jáde láàárọ̀. Àjákù aṣọ pupa ni ó so mọ́ ẹsẹ̀ àwọn tirẹ̀. Aṣọ aláró ni ti ìyá tí ó wà ní òdìkejì. Bí àgbébọ̀ bá pamọ, àwa ọmọdé ni à ń lọ wa ikán wá láti inú igbó, nítorí kò sí oúnjẹ tí ń tètè mú òròmọdìẹ dúró bí ikán. A ó sì jókòó ti àwọn ọmọ adìẹ náà, a ó máa wo òkè nítorí àṣá.

Ẹ má rò pé eré ni. Àkùkọ mẹ́ta àti àgbébọ̀ méjì ni Màmá mi tà fi kún owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá mi. Adìẹ ni ó gbé lọ kí àwọn àna. Adìẹ ni ó tà ní òru ọjọ́ tí ara àbúrò mi gbóná, tí kò sí owó ọkọ̀ nílé. Bàbá ni ó ni ilẹ̀, ó ni iṣu, ó ni ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń bèèrè iye owó adìẹ lọ́wọ́ ìyá. Owó tí obìnrin lè ná láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni owó adìẹ. Ẹni tí ó bá fojú kékeré wo irú owó bẹ́ẹ̀, kò tíì mọ bí a ti ń gbọ́ bùkátà ilé ní ìlú wa.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, adìẹ mẹ́tàlélógún ni ó wọ àgò. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, mẹ́rin péré ni ó kù. Èyí tí ó kọ́kọ́ kú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ẹni tí òtútù ń mú. Ìyẹ́ apá rẹ̀ wọ́lẹ̀, ó ń la ẹnu mí, ìgbẹ́ rẹ̀ rí bí omi ewé tí a gún. Àwọn kan nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e lọ́rùn wíwọ́. Wọ́n ń yí pòòyì bí ẹni tí ó mu ẹmu yó. Màmá mi tú kápúsù sínú omi fún wọn mu. Ó gún ata, ó fi àlùbọ́sà sí i. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Ìyá àgbà kan wà ní agbo ilé wa nígbà náà, opó tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ó ti tọrọ àkùkọ kan lọ́wọ́ Màmá mi, Màmá mi sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, ọdún Kérésìmesì ni òun ń tọ́jú rẹ̀ dè. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ènìyàn rántí. Ẹnì kan ní ó bojú wo àgò náà kí ó tó padà. Ẹlòmíràn ní ó mi orí. Kí ọyẹ́ tó lọ, ọ̀rọ̀ ti di òótọ́ lẹ́nu gbogbo ilé. Kò sí ẹni tí ó nà án, kò sí ẹni tí ó lé e kúrò. Wọ́n kàn dẹ́kun kíkí i ni. Ọmọdé kò bá a pọn omi mọ́. Ẹni tí ó bá dàgbà sí agbo ilé mọ̀ pé ìyà tí ó tó ìyà nìyẹn.

Èmi ńkọ́? Mo ti ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga nígbà náà. Ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ni mo ń kọ́. Mo lè to òwe tí ó ní adìẹ nínú jọ kún ojú ìwé púpọ̀, kí n sì ṣàlàyé ìlò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dákẹ́. Ìyá náà ti di ẹni ilẹ̀ báyìí, n kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Akátá tí ó kó adìẹ Màmá mi lọ ní orúkọ, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lúkúlúkú ni àwọn ìyá wa ń pè é. Orúkọ ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn onímọ̀ ìlera ẹranko fi ń pè é, nítorí ibẹ̀ wà lára ibi tí a ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1926. Ọdún yẹn náà ni ó pa adìẹ ní erékùṣù Java ní Indonéṣíà. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, agbègbè Ìbàdàn ni a ti kọ́kọ́ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, láàárín ọdún 1952 sí 1953. Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á. Ó ń gba inú èémí, inú ìgbẹ́ àti inú omi mímu kọjá láti ara adìẹ kan sí òmíràn. Nígbà tí ó bá ti wọ ara adìẹ tán, kò sí oògùn tí ó lè wò ó: kápúsù kò ràn án, ata kò ràn án.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ìgbà ọyẹ́ ni ó máa ń le jù? Òtútù òru àti eruku máa ń mú kí ara adìẹ rẹ̀wẹ̀sì, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìgbà ọyẹ́ ni ìgbà ọdún, ìgbà tí adìẹ ń rìn jù lọ. Bí obìnrin kan bá rí i pé adìẹ rẹ̀ kan kú lójijì, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kí òun tètè ta àwọn tí ó kù. Yóò dì wọ́n lẹ́sẹ̀, ó di ọjà. Ẹni tí ó rà wọ́n yóò gbé wọn dé ìlú mìíràn, yóò tú wọn sílẹ̀ láàárín ti ara rẹ̀ kí ọjọ́ ọdún tó pé. Ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ibẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó kú sílé ńkọ́? A sọ ọ́ sórí ààtàn, ibi tí adìẹ àdúgbò ti ń tan ilẹ̀ jẹun. Ẹ wá wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: àjẹ́ kọ́ ni ó gbé àrùn láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, agbọ̀n adìẹ wa ni. Ọwọ́ ayé tí à ń sọ, ọwọ́ tiwa ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń sọ pé adìẹ ìbílẹ̀ kò ní láárí, pé kí á jẹ́ kí ó kú, kí á lọ sin adìẹ àgíríìkì. N kò ní parọ́ fún yín: bí a bá ń ka ẹyin, adìẹ ìbílẹ̀ kò lè bá adìẹ àgíríìkì díje. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ tí ń jẹ̀ kiri kì í sábà yé ju nǹkan bí 60 ẹyin lọ lọ́dún; adìẹ àgíríìkì tí a tọ́jú dáadáa ń yé ju 250 lọ. Ṣùgbọ́n adìẹ àgíríìkì yìí ń jẹ oúnjẹ tí a fi owó rà láti ọjọ́ tí ó ti dé títí di ọjọ́ tí a ó tà á. Kò mọ bí a ti ń sàba, nítorí àwọn tí wọ́n ṣe é ti mú sísàba kúrò lára rẹ̀; ọjọ́ tí ó bá kú, a ó tún padà lọ ra òmíràn ni. Ìyá tí kò ní owó oúnjẹ adìẹ fún ọ̀sẹ̀ kan kò lè sin ín. Adìẹ ìbílẹ̀ ni ó lè fi kòkòrò, èèrí àti ìyókù oúnjẹ ṣe ẹran, tí yóò sì fi ara rẹ̀ bí ara rẹ̀.

Ó tún kù. Ẹ rántí òwe wa pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Òwe tí ó dára ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó ti adìẹ ní ọ̀sán oṣù kẹta yóò rí i pé adìẹ kì í làágùn rárá. Kò ní ihò òógùn lára. Ẹnu ni ó ń là, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ó sì ń na apá kúrò lára kí atẹ́gùn lè wọ ibẹ̀. Ìyẹ́ tí òwe náà dárúkọ ni ó ń dá ooru dúró sí i lára. Nítorí náà, adìẹ tí ìyẹ́ rẹ̀ kéré ní àǹfààní ní ilẹ̀ olóoru. Àwọn baba àti ìyá wa mọ irú adìẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ: abọ́lọ́rùn ni èyí tí ọrùn rẹ̀ bó, aṣa ni èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, òpìpì ni èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kò pé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ìwádìí hàn pé abọ́lọ́rùn àti aṣa ń fara da ooru ju adìẹ tí ìyẹ́ bò lọ. Ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ wá rí, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú èdè wa tipẹ́. Ẹ bi àwọn ọmọ yín ní alẹ́ òní bóyá wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní aṣa.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn wà tí wọn kò fojú tẹ́ńbẹ́lú wo ohun tí a ní. Ní Yunifásítì Ìmọ̀ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Adébámbọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí adìẹ ìbílẹ̀ wa yìí, títí wọ́n fi mú irú kan jáde tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha, èyí tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọdún 2018. Láti ara adìẹ tí àwọn kan ń pè ní aláìníláárí ni wọ́n ti mú un jáde. Bí a bá jẹ́ kí lúkúlúkú gbá adìẹ ẹ̀yìnkùlé lọ tán, kí ni àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò rí ṣe ìwádìí lé lórí?

Èkejì ni àwọn tí wọ́n ń sọ pé, “Oògùn àjẹsára wà lọ́jà, ẹni tí ó bá fẹ́ràn adìẹ rẹ̀, kí ó lọ rà á.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, àmọ́ ẹni tí kò sin adìẹ rí ni ó lè sọ ọ́. Òótọ́ ni pé àjẹsára lúkúlúkú wà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè wa níbí. Ọ̀kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-2, èyí tí àwọn onímọ̀ ní Australia wá jáde fún irú àwọn abúlé bíi tiwa. Ó lè fara da ooru díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, bí a kò bá ti gbé e sí oòrùn. Kò gba abẹ́rẹ́ rárá: ẹ̀kán kan péré sínú ojú kan, ó parí, kí a sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn.

Ibo wá ni ìṣòro wà? Inú ìgò ni. Ìgò kan lọ́pọ̀ ìgbà tó adìẹ ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá sì ti po ó tán, a kò lè tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí ni ìyá tí ó ní adìẹ méje yóò fi ìyókù ṣe? Kí ló dé tí yóò fi san owó ọgọ́rùn-ún nítorí méje? Kò ní rà á, kò sì jẹ̀bi. Àní bí ó tilẹ̀ rà á, ààbọ̀ iṣẹ́ ni. Adìẹ kò mọ ààlà. Adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ pupa àti adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ aláró ń tan ilẹ̀ kan náà, wọ́n ń mu omi kan náà. Bí agbo kan bá gba àjẹsára tí mẹ́sàn-án kò gbà, àrùn ṣì ní ilé láàárín wa, àwọn òròmọdìẹ tí a pa lẹ́yìn náà ni yóò sì kọ́kọ́ mú. Ọ̀rọ̀ lúkúlúkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ agbo ilé ni.

Ibí yìí gan-an ni ojú ti ń tì mí jù. Ta ni kò mọ̀ wá mọ àjùmọ̀ṣe? Àwa tí à ń dá èésú, tí à ń dá àjọ, tí à ń bẹ ọ̀wẹ̀, tí a jùmọ̀ ń gbé òkú, tí a jùmọ̀ ń sọ ọmọ lórúkọ! Bí ìyá mẹ́wàá bá ní adìẹ mẹ́wàá mẹ́wàá, ìgò kan ti tó wọn nìyẹn. Kí wọ́n dá owó ìgò náà jọ ní oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé, nítorí ara adìẹ nílò bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ààbò náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kí wọ́n rán ẹnì kan lọ bá dókítà ẹranko pẹ̀lú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Kí gbogbo ilé fi adìẹ sínú àgò ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n má ṣí i ní òwúrọ̀ títí a ó fi yí ilé ká. Ọmọ ilé-ìwé méjì, ọ̀kan ń di adìẹ mú, ọ̀kan ń kán oògùn sí i lójú, yóò ṣe ọgọ́rùn-ún tán kí oòrùn tó mú. Iye tí yóò kan ìyá kọ̀ọ̀kan kò ní tó owó adìẹ kan. Adìẹ tí ó bá ti ń ṣàìsàn, kí a yà á sọ́tọ̀, kí a má tà á. Èyí tí ó bá kú, kí a sin ín jinlẹ̀.

N kò sọ pé àjẹsára yóò lé àṣá, tàbí pé yóò dá olè dúró. Ohun kan ṣoṣo ni yóò ṣe: kì yóò jẹ́ kí a tún jí ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan kí a bá àgò ní òfìfo. Ẹni tí ó bá ti bá àgò ní òfìfo rí mọ̀ pé ohun kan yẹn tó.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí wọ́n ń sọ pé, “Àwọn baba ńlá wa kò fún adìẹ ní oògùn, adìẹ wọn kò sì tán.” Irọ́ ni. Ẹ lọ bi àwọn ìyá àgbà. Wọ́n fún adìẹ ní ewé, wọ́n fún un ní èèpo igi, wọ́n fún un ní ata. Gbogbo ohun tí ìmọ̀ ìgbà wọn dé ni wọ́n lò. Wọ́n hun àgò, wọ́n wa ikán, wọ́n fi àmì sí ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé wọn kò tọ́jú adìẹ, àwa ni a kò mọ̀ pé ìtọ́jú ni ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí pé obìnrin ni ó ń ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó sanwó fún un. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bí àwọn baba rẹ̀ ti ṣe, kí ó lo ohun tí ìmọ̀ ìgbà tirẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí a tún rántí ọdún 2006. Ní oṣù kejì ọdún náà ni a kéde pé àrùn lúkúlúkú mìíràn, èyí tí wọ́n ń pè ní bird flu, ti wọ oko adìẹ ńlá kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò dé ilẹ̀ Áfíríkà. Rédíò kò sinmi, ìjọba kò sùn, àwọn àjọ àgbáyé wọlé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àrùn yẹn lè pa ènìyàn, oko àwọn olówó ni ó sì kọ́kọ́ kọlù. Ṣùgbọ́n èyí tí ń pa adìẹ àwọn ìyá wa lọ́dọọdún láti ìgbà tí a kò tíì bí wa, rédíò wo ni ó polówó àjẹsára rẹ̀ fún yín ní èdè Yorùbá ní oṣù kẹwàá tí ó kọjá? Àrùn tí ó bá ń pa ohun ìní tálákà kì í di ìròyìn. Bí ìròyìn kò bá sì dé, àjẹ́ ni yóò gba ipò rẹ̀.

Bí mo bá dárúkọ Èsìẹ́ ní ọ̀nà kan, ẹ jẹ́ kí n tún dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Gbogbo ayé mọ Èsìẹ́ nítorí ère òkúta rẹ̀ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn ará ìlú mọ àwọn ère náà, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn, tipẹ́tipẹ́ kí Ramshaw, alábòójútó ilé-ìwé àwọn CMS, tó kọ nípa wọn ní ọdún 1933. Ní ọdún 1945, ibẹ̀ di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí àṣà kan tí ó ti mọ́ wa lára: ohun tí ó wà nílẹ̀ wa kì í níyì lójú àwa ọ̀mọ̀wé títí àlejò yóò fi fi ìwé bò ó. Adìẹ kì í ṣe òkúta. Òkúta lè dúró de ẹni tí yóò wá dá a mọ̀. Adìẹ kò lè dúró. Bí adìẹ aṣa tí ó gbẹ̀yìn ní agbo ilé yín bá kú ní ọyẹ́ yìí, kò sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí yóò gbé e dìde.

Mo padà sọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: òǹkọ̀wé, olùkọ́ èdè, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Iṣẹ́ wa ni ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ni ó sì pa ìyá àgbà agbo ilé wa lára. A kọ ìwé lórí òwe, a to ìtumọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò kọ ojú ìwé kan ṣoṣo tí ó sọ fún ìyá tí ń ka Yorùbá pé lúkúlúkú ní àjẹsára, pé ojú ni a ń kán an sí, pé oṣù kẹwàá ni kí ó ṣe é. Èdè tí a kò lè fi gba adìẹ là, báwo ni a ṣe fẹ́ fi gba ara rẹ̀ là? Ọmọ tí kò rí àgbébọ̀ tí ó ń sàba rí, báwo ni yóò ṣe mọ ìdí tí a fi ń fi adìẹ ṣàpèjúwe ìyá? Bí adìẹ bá tán lẹ́yìnkùlé, òwe rẹ̀ yóò di egungun tí kò ní ẹran.

Yunifásítì kan wà ní Òmù-Àrán láti ọdún 2011, Landmark ni wọ́n ń pè é, tí ó fi iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wà, àwọn kábíyèsí wà, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn ń dún dé gbogbo ilé. Mo bẹ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí á fi wọ́n ṣe àwáwí. Ìgò kan, agbo ilé kan, òwúrọ̀ kan: kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ọyẹ́ bá tún dé, tí adìẹ kan bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ìyẹ́ apá rẹ̀ wọ́lẹ̀, ẹ má wo ojú ìyá àgbà tí ó wá tọrọ àkùkọ. Akátá ni kí ẹ wò. Orúkọ rẹ̀ ni lúkúlúkú, a sì mọ ohun tí a fi ń lé e. Bí a kò bá wá lé e, a kò ní ẹ̀tọ́ àtibá adìẹ wí, ká má tilẹ̀ sọ pé a ó bá ènìyàn wí.

Ìyá àgbà, ẹ foríjì mí.